Sọ́kẹ́ẹ̀tì Dúdú Mẹ́rin

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni Tíṣà gbé ẹ̀rọ náà wọlé. Ó gbá a mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ìkókó, ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó sì ń ké pe ìyàwó rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Télọ̀! Télọ̀ o! Fi aṣọ yẹn sílẹ̀, wá wo nǹkan!"

Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí maṣíìnì, ó ń rán kọ́là mọ́ aṣọ iléèwé. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti ọdún mẹ́tàlá, iṣẹ́ náà ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Ọkọ rẹ̀ pàápàá kì í pè é ní nǹkan mìíràn. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì, ó yíjú padà, ó sì rí ọkọ rẹ̀, tíṣà ìṣirò tí gbogbo ọmọ kíláàsì ń sá fún, tó di irin kan tó rí bí ìbọn mú, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fi ilẹ̀ ta lọ́rẹ.

"Kí nìyẹn?"

"Ẹ̀rọ ìtúnọ́ọ̀tì ni! Bátìrì ló ń lò. Bàbá mẹkáníìkì ẹ̀yìn iléèwé wa ló ń kógbá sílé, ó ń lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ní òun ò lè gbé e lọ síbi ìsinmi. Gbọ́ bó ṣe ń dún!"

Ó fi ìka tẹ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. *Dù-dù-dù-dù-dù!* Ife tó wà lórí tábìlì jó lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ẹ jọ̀ọ́ o, Tíṣà! Ilé onílé la wà, ẹ má wó o lé wa lórí!"

Ṣùgbọ́n òun náà ti ń rẹ́rìn-ín, torí ó mọ ìdí tí inú ọkọ òun fi dùn tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, táyà ẹ̀yìn mọ́tò wọn kan jò lójú ọ̀nà nínú òjò. Mẹkáníìkì tó fọwọ́ kan mọ́tò náà kẹ́yìn ti di nọ́ọ̀tì rẹ̀ pinpin, débi pé bí Tíṣà ṣe ń fa wíìlì sípánà tó ń mí gulegule, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀tì ń wò ó níran. Ó gun orí sípánà, kò mì. Télọ̀ gun un pẹ̀lú rẹ̀. Tọkọtaya di ara wọn mú lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, wọ́n ń fò sókè fò sódò bí ọmọdé tó ń fo okùn, títí sípánà fi tẹ̀ kọrọdọ. Awakọ̀ tírélà kan tó ń kọjá ló ṣàánú wọn. Nígbà tí wọ́n délé, tí omi ń kán tótótó lára wọn, Tíṣà búra pé nọ́ọ̀tì kankan ò ní fi ojú òun gbolẹ̀ mọ́ láyé òun.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà ńlẹ̀. Bíréèkì iwájú mọ́tò náà ti ń ké fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Tíṣà mọ ohun tó fà á. Kó tó di tíṣà, ó ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì fún ọdún méjì, ó sì ti ra páàdì bíréèkì tuntun sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tó kù ni kí táyà jáde. Kò sì sí àyè àtijáfara, nítorí pé ọ̀sán Sátidé ni ìyá Télọ̀ ń bọ̀ wá kí wọn nínú ọkọ̀ ojú irin. Ọdún mẹ́fà rèé tí wọ́n ti kó wá sí ìlú yìí, màmá kò tíì fojú kan ilé wọn rí. Ó sì ti sọ ọ́ lórí fóònù, kò fi bò rárá: "Mi ò ní wọ mọ́tò ẹlòmíràn o. Mọ́tò ọmọ mi ni n ó wọ̀ kúrò nínú ọgbà rélùwéè."

"Ó ku sọ́kẹ́ẹ̀tì," ni Tíṣà wí, tó ń wo ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ẹ̀rọ náà kò ní ju irin onígun mẹ́rin kan lọ lẹ́nu. Kò lè dá nọ́ọ̀tì mú fúnra rẹ̀. Àfi kí wọ́n fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ ọ lẹ́nu, irin tó rí bí ife kékeré, tó máa gbé orí nọ́ọ̀tì mì kí ẹ̀rọ tó lè yí i.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Alámísì, Tíṣà dé láti iléèwé pẹ̀lú àpótí pupa kan. Ó ṣí i lórí tábìlì ìgéṣọ ìyàwó rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ló tò sínú rẹ̀ láti kékeré dé ńlá, wọ́n ń dán yanranyanran, èèyàn lè fi ojú rẹ̀ ṣe dígí.

"Ogójì!" ni Tíṣà wí. "Ogójì ni o! Ẹni tó tà á ní kò sí nọ́ọ̀tì láyé yìí tí kò ní rí tirẹ̀ níbẹ̀."

"Ẹnu ọlọ́jà," ni Télọ̀ dáhùn. "Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ò kún agbọ̀n."

Tíṣà kò gbọ́. Ó ti jáde sí àgbàlá, níbi tí mọ́tò wọn aláwọ̀ eérú dúró sí lábẹ́ okùn aṣọ. Ó wá èyí tó bá nọ́ọ̀tì táyà mu, ó fi kọ́ ẹ̀rọ lẹ́nu, ó kúnlẹ̀, ó sì yíjú sí ìyàwó rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Máa wòran o!"

*Dù-dù-dù-dù-dù!* Nọ́ọ̀tì kò mì. Ó tún tẹ̀ ẹ́. *Dù-dù-dù-dù*... *pàù!*

Ohun kan fò kọjá létí Tíṣà bí oyin. Bákẹ́ẹ̀tì tí Télọ̀ rẹ aṣọ sí bẹ̀rẹ̀ sí í da omi ọṣẹ sílẹ̀ láti ihò kan ní ìhà rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ti là sí méjì, ìlàjì rẹ̀ wà lẹ́nu ẹ̀rọ, ìlàjì yòókù ti wọ inú bákẹ́ẹ̀tì lọ.

Télọ̀ rìn lọ bá ọkọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú rẹ̀ mú, ó yẹ ojú ọ̀tún wò, ó yẹ tòsì wò, ó yí orí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ìgbà náà ni èémí tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Kò sí nǹkan tó ṣe mí," ni Tíṣà wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ó wo àpótí pupa. "Ó ṣì ku mọ́kàndínlógójì."

"Ọkọ kan péré lèmi ní," ni Télọ̀ dáhùn. "Ẹ pa àpótí yẹn dé!"

Tíṣà wo bákẹ́ẹ̀tì tó ń sunkún ọṣẹ, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó gbá ìbàdí mú, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Télọ̀ fẹ́ bínú sí i, ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà mú òun náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

Ibi tí wọ́n jókòó sí náà ni Télọ̀ ti bi í ní ìbéèrè.

"Tíṣà, tí ẹnì kan bá wá dáṣọ lọ́dọ̀ mi, kí ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣe?"

"O máa ń wọ̀n ọ́n."

"Ta ló wá wọn mọ́tò yìí, kí ẹ tó lọ ra aṣọ ogójì fún un?"

Tíṣà fi ìka họ orí. Tíṣà ìṣirò ni, kò sì wọn nǹkan kan.

Télọ̀ wọlé, ó kó bébà tí ó fi ń gé àpẹẹrẹ aṣọ jáde, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àti sísọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó tẹ́ bébà lórí nọ́ọ̀tì, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀kì pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Igun mẹ́fà nọ́ọ̀tì jáde lórí bébà kedere. Ó gé e. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, ọkọ rẹ̀ sì ń wò ó.

"Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn," ni Tíṣà wí. "Èwo ni ká máa wọ̀n ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan?"

"Ẹni tó bá wọn apá ọ̀tún tí kò wọn tòsì, ẹjọ́ ni yóò rò."

Ó tẹ́ bébà lé ìkarùn-ún. Ó gé e, ó gbé e lé èyí tó ti gé tẹ́lẹ̀. Ó tún un gbé.

"Tíṣà, ẹ wo èyí."

Ìkarùn-ún kéré sí àwọn yòókù. Kò pọ̀, ó dà bí ìbú igi ìṣáná kan, ṣùgbọ́n ó kéré. Mẹkáníìkì ọjọ́sí ti sọ nọ́ọ̀tì kan nù, ó sì ti fa àjèjì wọ ibẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ó fi bọ́tìnnì ẹlòmíràn rán an!" ni Télọ̀ pariwo, bí ẹni tó mú olè.

Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju ọkọ rẹ̀ lọ. Ó ní òun fẹ́ mọ àwọn bóòtù tó di bíréèkì mú lẹ́yìn táyà. Tíṣà wọ inú mọ́tò, ó yí sitíárìn dé òpin kí táyà lè ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, Télọ̀ sì dùbúlẹ̀ lórí àpò, ó na ọwọ́ wọ inú òkùnkùn ibẹ̀ pẹ̀lú bébà rẹ̀. Nígbà tó jáde, eruku dúdú bo iwájú orí rẹ̀, ó sì mú bébà méjì mìíràn dání. Lápapọ̀, oríṣi mẹ́rin péré: ti nọ́ọ̀tì táyà, ti àjèjì, àti ti bóòtù ẹ̀yìn méjì. Ó fi rúlà wọ̀n wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ kan sí èkejì, ó sì kọ iye mìlímítà wọn sára bébà: mọ́kànlélógún, mọ́kàndínlógún, mẹ́tàdínlógún, mẹ́rìnlá.

"Mẹ́rin," ni Tíṣà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo ra ogójì."

Lọ́sàn-án Jímọ̀, bí iléèwé ṣe ṣíwọ́, Télọ̀ ti dúró lẹ́nu géètì. Báàgì tó gbé ẹ̀rọ sí wà ní èjìká rẹ̀, àpẹẹrẹ mẹ́rin sì wà nínú àpò ìwé. Wọ́n kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tó ní dígí iwájú àti afẹ́fẹ́ tútù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n sórí aṣọ rírọ̀ bí wúrà. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo iye rẹ̀.

"Ṣé nọ́ńbà fóònù yín lẹ kọ síbí ni?" ló bi ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń tajà.

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ó ní wọn kì í já a tà, odindi àpótí ni. Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀yìn bóyá ọ̀gá òun ń bọ̀, ó sì sún mọ́ Télọ̀.

"Màdáámù, ẹ lọ sẹ́yìn gáréèjì tí wọ́n ti ń tún bọ́ọ̀sì ṣe. Ẹ béèrè Ìyá Onírin. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni bàbá mi ti ń rà."

Ilé Ìyá Onírin kò fẹ̀ ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Agolo ni wọ́n tò láti ilẹ̀ dé àjà, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ibẹ̀ sì ń rùn fún ọ́ìlì. Ìyá àgbà kan jókòó sórí àga onítìmùtìmù, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ irin nínú kẹrosíìnì. Ó ti fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tú ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ sì tóbi ju ti Tíṣà lọ.

Wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Tíṣà ní, "Màmá, sọ́kẹ́ẹ̀tì la fẹ́ rà," ó sì yọ èyí tó fọ́ jáde nínú àpò.

Ìyá Onírin gbà á, ó yí i sínú ìmọ́lẹ̀, ó pòṣé. "Inú ẹ̀rọ lo fi èyí sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ojú ẹ méjèèjì sì ń ríran? Lọ dúpẹ́." Ó jù ú sínú àgbá ìdọ̀tí. "Ọwọ́ ni wọ́n ṣe èyí tó ń dán fún, ọmọ mi. Ó le, ṣùgbọ́n líle tí àwo le ni. Ẹ̀rọ ń lù ú lẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gba ìyà. Dúdú ni kó o wá, tí awọ rẹ̀ nípọn. Òun ni wọ́n ń pè ní ìmpáàtì. Bí ẹ̀rọ bá lù ú, á gbà á mọ́ra. Mélòó lò ń wá?"

"Ẹni tó ta ti àkọ́kọ́ fún mi ní ogójì ni..."

"Ogójì! Fún mọ́tò kan? Ṣé mọ́tò yín lẹ́sẹ̀ bí ọ̀kùn ni?"

Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó mú àpò ìwé jáde, ó sì da àpẹẹrẹ mẹ́rin sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá náà. Ìyá Onírin wò wọ́n. Ó gbé ọ̀kan sókè, ó fi ìka tọ igun rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

"Ta ló gé èyí?"

"Èmi ni, Màmá. Télọ̀ ni mí."

"Láti ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, àwọn ọkùnrin á wọlé, wọ́n á ní, 'Màmá, ẹ fún mi ní ti mọ́tò dúdú, ẹ fún mi ní èyí tó tóbi báyìí,' wọ́n á fi ìka júwe òfuurufú." Ó dìde lórí àga. Orúnkún rẹ̀ ké, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti yá gágá. "Ìwọ gan-an ni n ó jẹ́ kó yàn án. Ìwọ ọkọ rẹ̀, dúró síbẹ̀, má fọwọ́ kan nǹkan."

Ó gbé agolo mọ́kànlélógún kalẹ̀, ó sì dà á sórí tábìlì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú bí ogún yí káàkiri, àwọn kan tuntun, àwọn kan tó ti jẹ iṣẹ́. Télọ̀ mú èyí tó mọ́ jù níbẹ̀.

"Wo inú ẹnu rẹ̀," ni Ìyá Onírin wí. "Ka igun rẹ̀."

Télọ̀ kà á. Méjìlá.

"Gbé e sílẹ̀. Nọ́ọ̀tì yín ní igun mẹ́fà. Onímẹ́fà ni yóò gbá gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, onígun méjìlá á kàn máa fi èékánná họ ọ́ títí igun nọ́ọ̀tì á fi jẹ tán."

Télọ̀ wá òmíràn. Onímẹ́fà ni, ṣùgbọ́n ó kúrú. Ìyá Onírin bi í bóyá irin tí nọ́ọ̀tì ń gùn yọ jáde síta, Télọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tó ìdajì ìka. Á jẹ́ pé èyí tó gùn ni, kí irin náà lè rí àyè wọlé. Ó mú ẹ̀kẹta, ó gùn, ó dúdú, igun rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà. Ó fi àpẹẹrẹ bébà sí i lẹ́nu. Bébà náà ń mì kiri nínú rẹ̀.

"Ẹnu ẹ̀ ti fẹ̀," ni Télọ̀ wí fúnra rẹ̀, kí ìyá náà tó lanu. "Bí ọrùn aṣọ tí wọ́n ti fà jù."

"Háà!" Ìyá Onírin pàtẹ́wọ́. "Ó ti mọ̀ ọ́n! Ó ti mọ̀ ọ́n o!"

Ẹsẹ̀ Télọ̀ kò kanlẹ̀ mọ́. Ó ń mú, ó ń wò, ó ń jù ú sílẹ̀. Ó rí èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí lára lásán, ìyá náà ní kó fi í sílẹ̀, pé èyí tí wọ́n bá gbẹ́ nọ́ńbà sínú irin rẹ̀ ló dá ẹni tó ṣe é lójú. Ó rí ọ̀kan tó jọ ọ́ lójú, ìyá náà ní kó fi irin lù ú. Ó dún gbọ̀ọ̀, bí ìkòkò tó ti sán. Wọ́n lu òmíràn, ó dún *gbọ̀ọ̀ngàn*, ohùn rẹ̀ mọ́. Bébà wọ inú rẹ̀ ṣìnkún, kò mì. Wọ́n ti lò ó díẹ̀, ṣùgbọ́n igun inú rẹ̀ ṣì mú. Nígbà náà ni ìyá náà ní kí Tíṣà mú ẹ̀rọ rẹ̀ wá. Wọ́n fi kọ́ ọ lẹ́nu, ó dúró gírí, ìyá náà sì fi ihò kékeré kan hàn wọ́n lọ́rùn sọ́kẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n máa ń ki pínnì àti rọ́bà wọ̀ kó má baà fò jáde.

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́ta tó kù. Lórí ìkẹrin, ìyá náà kò ran Télọ̀ lọ́wọ́ mọ́ rárá. Ó kàn káwọ́ gbera, ó ń wò ó, ó ń mi orí. Owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tó ìdajì ohun tí àpótí pupa gbà lọ́wọ́ Tíṣà. Ìyá náà tún fi awò ojú iṣẹ́ méjì lé e, àti nọ́ọ̀tì tuntun kan tí wọ́n máa fi rọ́pò àjèjì.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ̀rọ wà fún títú. Tí ẹ bá fẹ́ dì í padà, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi dì í gbẹ̀yìn, kí ẹlòmíràn má baà lọ fò lórí sípánà nítorí yín."

Tíṣà wo ìyàwó rẹ̀. Wọn kò tíì sọ ọ̀rọ̀ sípánà fún ìyá náà.

Òwúrọ̀ Sátidé, wọn kò tilẹ̀ mu tíì tán kí wọ́n tó bọ́ sí àgbàlá. Wọ́n fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn kí mọ́tò má baà yí, wọ́n fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀, wọ́n ti igi líle bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé awò ojú wọ̀. Tíṣà fi sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́kànlélógún kọ́ ẹ̀rọ lẹ́nu, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́. Ó mí kanlẹ̀.

*Dù-dù-dù-dù-dù-dù... vùùùùù!*

Nọ́ọ̀tì náà yí, ó yí, ó sì jábọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, gbígbóná.

Tíṣà dìde. Ó gbé nọ́ọ̀tì náà sókè bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ, ó jó yí mọ́tò po lẹ́ẹ̀kan, ó padà wá.

"Ó jáde! Télọ̀, o rí i? Ó jáde!"

"Mo rí i! Ẹ fún mi! Ẹ gbé e fún mi!"

"Dúró ná, jẹ́ kí n..."

"Ta ló yàn án? Ẹ gbé e wá jàre!"

Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wúwo ju bó ṣe rò lọ. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́, ó gbọ̀n ọ́n láti ọwọ́ dé eyín, ó pariwo, kò sì fi sílẹ̀. Ìkejì jáde. Ìkẹta jáde. Ìkẹrin kò tilẹ̀ bá a jà. Ó wá ku àjèjì. Tíṣà pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì sí mọ́kàndínlógún. Télọ̀ tẹ̀ ẹ́. *Dù-dù-dù-dù-dù.* Kò mì. Ó sinmi, ó tún ọwọ́ ṣe, ó fi èjìká tì í. Ìpẹ́pẹ́ ìpata ń jábọ́ láti ara nọ́ọ̀tì, sọ́kẹ́ẹ̀tì sì gbá a mú, kò yọ̀, kò là.

"Má fi sílẹ̀!" ni Tíṣà ń pariwo. "Má fi sílẹ̀, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀!"

*Vùùùùù!*

Igbe tí Télọ̀ ké lọ́jọ́ náà, ìyá àgbà tó ń gbé lókè ṣí fèrèsé, ó béèrè bóyá wọ́n ti bímọ.

Wọ́n fa táyà jáde. Sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tó kù tú bóòtù ẹ̀yìn láìjanpata. Tíṣà fa páàdì bíréèkì àtijọ́ jáde, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́.

Kò sí páàdì níbẹ̀ mọ́. Irin ẹ̀yìn rẹ̀ ló kù, ó ti jẹ tán, ó sì tinrin bí bébà ní igun kan.

Télọ̀ wò ó. "Irú èyí ni mo fi wakọ̀ lọ kó aṣọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè?"

"Òun ni."

Ojú Tíṣà wà lára irin náà. "Ì bá ṣe pé mo ní ká dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀..." Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Télọ̀ gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. "A ò dúró," ló wí. "Ẹ mú tuntun wá."

Wọ́n fi tuntun sí i. Wọ́n ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì, tó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé Télọ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró sí ẹ̀rọ náà, ó sì ti ń kọ orin sí i lẹ́nu. Wọ́n fi nọ́ọ̀tì tuntun rọ́pò àjèjì. Tíṣà fi ọwọ́ yí gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé, ó sì fi wíìlì sípánà tuntun dì wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n sọ mọ́tò kalẹ̀, ó ń fò láti igun sí igun kí táyà lè jókòó dáadáa. Ó wọ inú mọ́tò, ó tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìgbéra, títí ó fi le lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n yí àdúgbò po ní ẹ̀sọ̀. Ní ìkóríta àkọ́kọ́, Tíṣà tẹ bíréèkì. Wọ́n na etí. Kò sí igbe. Mọ́tò náà dúró jẹ́ẹ́, bí ẹni tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Tún un tẹ̀," ni Télọ̀ wí.

Ó tún un tẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìkóríta méje, kò sì sú ẹnì kankan nínú wọn.

Télọ̀ ló wakọ̀ lọ sí rélùwéè. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó dára, ṣùgbọ́n dúdú abẹ́ èékánná rẹ̀ kọ̀, kò jáde. Ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì mẹ́ta àti agboòrùn kan, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra fún ìgbà pípẹ́, ó kí àna rẹ̀, ó yí mọ́tò náà po, ó sì ní ó dára, ó dára gan-an, ó sì jókòó sí iwájú bí olóyè.

Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó fi bẹ̀rẹ̀ ìròyìn. Aládùúgbò rẹ̀ kan ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tó ra tẹlifíṣọ̀n tó tóbi ju ògiri ilé rẹ̀ lọ. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan nígbà tí bọ́ọ̀sì iwájú wọn dúró gbàgà láìfi iná hàn. Télọ̀ tẹ bíréèkì. Mọ́tò náà fi imú wólẹ̀, ó sì dúró. Ààyè tó tó kí èèyàn méjì rìn kọjá ṣì wà láàárín wọn àti bọ́ọ̀sì náà.

"...ó wá di pé wọ́n ní láti gé ilẹ̀kùn kó tó wọlé," ni màmá ń wí lọ. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Nínú dígí, ojú Télọ̀ bá ti ọkọ rẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú báàgì mẹ́ta lórí ẹsẹ̀. Ẹ̀rín kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní èjìká Tíṣà. Télọ̀ di ẹnu rẹ̀ mú, kò ṣeé ṣe.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" ni màmá béèrè. "Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o, obìnrin náà sunkún!"

"Màmá," ni Tíṣà wí, ó gbé báàgì kan kúrò lórí ẹsẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú láàárín àga méjèèjì, "ẹ parí ti tẹlifíṣọ̀n ná. Lẹ́yìn náà, n ó sọ fún yín ohun tí ọmọ yín fi bébà ṣe."

Bọ́ọ̀sì iwájú tún gbéra. Télọ̀ fi jíà sí i, ó sì tẹ̀lé e lọ.